Ìtàn Kíkọ́ Ọkọ̀ Òfurufú Wíwà àti Ohun Tí Ó Ń Ná Ni

Kí ènìyàn tó lè jókòó sí iwájú ọkọ̀ òfurufú ńlá, kí ó gbé igba èrò sókè, kí ó máa rà bàbà lókè òkun àti aṣálẹ̀ bí àwòdì, kí ó sì sọ̀ gbogbo wọn kalẹ̀ láyọ̀ ní ìlú tí ó jìnnà réré sí ibi tí wọ́n ti gbéra, owó tí yóò ti jáde lápò ẹnì kan kì í ṣe kékeré. Àwọn tí ń wo awakọ̀ náà nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀, pẹ̀lú ìlà wúrà mẹ́rin ní èjìká, a máa bèèrè iye tí ọkọ̀ náà jẹ́. Ìba díẹ̀ ni ó ń bèèrè iye tí wọ́n ná lórí awakọ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbéèrè kejì yìí ni ó ní ìtàn nínú jù, nítorí pé láti ìgbà tí ọmọ ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ẹ̀kọ́ yìí kò wà ní ọ̀pọ̀ rí lọ́jọ́ kan. Ohun tí ó ń yí padà láti ìran dé ìran ni ọwọ́ tí ń san án.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ, ẹ̀mí ni wọ́n fi san án. Otto Lilienthal, ará Jámánì, kò ní olùkọ́ kankan bí kò ṣe ẹyẹ àkọ̀: ó wo bí ẹyẹ náà ṣe ń na ìyẹ́, ó fi igi àti aṣọ kan irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, ó sì fi í fò láti orí òkè nígbà tí ó tó 2,000. Síbẹ̀, bí a bá ro gbogbo àkókò tí ó lò ní òfurufú pọ̀ ṣọ̀kan, kò ju nǹkan bí wákàtí márùn-ún lọ. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 1896, ọkọ̀ rẹ̀ dá dúró lókè, ó já lulẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì ṣú kí ó tó kú. Ìròyìn ikú yìí ni ó ta Wilbur àti Orville Wright jí ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere tà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: kàkà kí ẹ̀rù lé wọn sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí ó pa ọkùnrin náà, wọ́n sì rí i pé kíkan ìyẹ́ kọ́ ni ìṣòro, bí kò ṣe mímọ bí a ṣe ń darí rẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 1903, lórí iyanrìn Kitty Hawk, Orville fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12, ó sì lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 120. Owó tí wọ́n ná títí di ọjọ́ náà kò tó 1,000 dọ́là, inú èrè kẹ̀kẹ́ ni gbogbo rẹ̀ sì ti jáde. Owó náà kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò gbéyàwó títí ọjọ́ alẹ́ wọn, iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì fi ayé wọn ṣe.

Ní ọdún 1910 ni àwọn Wright ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìfòfurufú fún ẹlòmíràn, ní Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní pápá Huffman Prairie lẹ́bàá Dayton, 250 dọ́là ni wọ́n sì ń gbà fún ẹ̀kọ́ náà. Henry Arnold, tí ó padà di olórí ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kọ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1911: ìgbà 28 ni wọ́n gbé e lọ sókè, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 48. Ní ilẹ̀ Faransé, Louis Blériot, ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfurufú la ojú omi kọjá sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kọ́ni pẹ̀lú ọkọ̀ tí kò ní ju ìjókòó kan lọ. Olùkọ́ a dúró sórí koríko, akẹ́kọ̀ọ́ a dá nìkan wọ inú ọkọ̀ tí a ti gé ìyẹ́ rẹ̀ kúrú kí ó má baà lè fò, a máa fi sáré síwá sẹ́yìn títí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ iṣẹ́, nígbà náà ni wọn yóò tó fún un ní èyí tí ó ní ìyẹ́ pípé. Ní irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà náà, owó ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀, owó ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fọ́ lọ́tọ̀; ọmọ olówó, eléré ìdárayá àti ẹni tí ọlọ́lá kan bá gbà lọ́mọ nìkan ni ó lè dé ibẹ̀.

Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914 gbé owó náà lé ìjọba lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò gbé ikú kúrò níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń kú lórí pápá ìkẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó fojú kan ọ̀tá, nítorí pé àwọn tí ń kọ́ wọn ni àwọn awakọ̀ tí ogun ti dá lágara, tí kò sẹ́ni tí ó kọ́ àwọn náà bí a ṣe ń kọ́ni. Ọ̀gbẹ́ni Robert Smith-Barry ni ó fòpin sí èyí ní ìlú Gosport ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1917. Ó ní kí a fi ohun ìdarí sí ọwọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pa pọ̀ nínú ọkọ̀ Avro 504, ó fi ọ̀pá rọ́bà so etí ọ̀kan mọ́ ẹnu èkejì kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn láàárín ariwo ẹ́ńjìnnì, ó sì pàṣẹ pé kí a má ṣe máa fi ewu pa mọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ́: kí a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí bìrí já bọ̀, kí ọmọ náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá baba gbogbo olùkọ́ ìfòfurufú, ọkùnrin yìí ni. Ọ̀nà rẹ̀ ni ayé ṣì ń tọ̀ títí di òní.

Ṣùgbọ́n bí owó bá wà pàápàá, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni wọ́n ti ń gbà á. Àwọn baba wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ká ẹyẹ mìíràn mọ́ kí ó tó gbéra. Bessie Coleman, tí a bí ní Texas ní ọdún 1892, tí ó ṣa òwú lóko ní kékeré, wá sí Chicago, ó sì ń tún èékánná ṣe ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nígbà tí ó pinnu pé òun yóò fò. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kàn sí ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, àti nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Robert Abbott, tí ó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ sí Faransé. Ó kọ́ èdè Faransé, ó tọ́jú owó, Abbott àti àwọn olówó dúdú mìíràn ràn án lọ́wọ́, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù Kọkànlá ọdún 1920. Pápá Le Crotoy ni ó ti kọ́ iṣẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ìyá Caudron. Pápá yẹn kan náà ni Raymonde de Laroche, obìnrin tí ó kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí awakọ̀ òfurufú láyé, ti já bọ́ tí ó sì kú ní ọdún 1919. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà, ọdún 1921, Coleman gba ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí yóò gba irú rẹ̀.

Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni láti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà tún la òkun kọjá nítorí ohun tí ó yẹ kí ó rí nílé. Ó ń fi ọkọ̀ ṣe eré àrà níwájú èrò láti kó owó náà jọ, kò sì gbà láti fò níbi tí wọn kò bá jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Owó tí ó rí kò tó ra ju ọkọ̀ àlòkù lọ. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 1926, ní Jacksonville, nígbà tí ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wa ọkọ̀ náà, spánà kan tí a gbàgbé sínú rẹ̀ há mọ́ ohun ìdarí, ọkọ̀ dojú délẹ̀, ó ju obìnrin náà síta, àwọn méjèèjì sì kú. Bí mo ti ń ka ìtàn akọni yìí tó, ohun tí ó ń dùn mí jù ni pé àìlówó ra ọkọ̀ tí ó dára ni ó fi í sínú èyí tí ó pa á.

Wàhálà owó kan náà ni ó bí ohun ìkọ́ni tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn là jù nínú ìtàn yìí. Edwin Link, tí baba rẹ̀ ń ṣe dùrù tà ní Binghamton ní ìpínlẹ̀ New York, san 50 dọ́là ní ọdún 1920 fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Olùkọ́ gbé e yí ká òfurufú, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ohun ìdarí. Inú bí i, ó padà sí ilé-iṣẹ́ baba rẹ̀, ó mú ẹwìrì inú dùrù, ó fi kan ọkọ̀ kékeré kan tí kì í kúrò lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí ń ṣẹ́ sọ́tùn-ún, tí ń ṣẹ́ sósì, tí ń gbé imú sókè sódò gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti darí rẹ̀. Àwọn elétò òfurufú kò dá a lóhùn. Ọgbà ìṣeré ni wọ́n ń gbé e lọ. Àfi ìgbà tí ó di ọdún 1934, tí wọ́n ní kí ọmọ ogun Amẹ́ríkà máa fi ọkọ̀ òfurufú gbé lẹ́tà, tí àwọn awakọ̀ tí kò mọ̀ bí a ṣe ń fò nínú kùrukùru sì ń kú lemọ́lemọ́, ni ìjọba tó ra mẹ́fà nínú rẹ̀ ní 3,500 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀rọ ìdánrawò tí awakọ̀ òde òní ń jókòó sínú rẹ̀, láti inú ẹwìrì yẹn ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ìgbà tí ọmọ tálákà rí ọ̀nà jù. Charles Alfred Anderson ti fi hàn ṣáájú pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: nígbà tí kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọ, ó yá 2,500 dọ́là lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́, ó ra ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì kọ́ ara rẹ̀. Òun ni ó di olórí olùkọ́ ní Tuskegee, níbi tí ìjọba ti san owó ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ dúdú tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ní Kánádà, ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1939 kọ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú 131,553. Èkó náà sì ní ọmọ nínú ogun náà: Peter Adeniyi Thomas, ọmọ oníṣòwò Èkó, àbúrò Stella Thomas agbẹjọ́rò, ni ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ ọ́físà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1942. Ó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní oṣù Kìíní ọdún 1945, ogun kù díẹ̀ kí ó parí.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú rí i pé àwọn awakọ̀ ogun ń darúgbó, wọ́n sì fi owó ara wọn kọ́ ọmọ tuntun. Lufthansa ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ní Bremen ní ọdún 1956. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ṣí tiwọn ní Hamble ní ọdún 1960. Nàìjíríà, tí ó ti ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tirẹ̀ láti ọdún 1958, dá ilé-ẹ̀kọ́ Zaria sílẹ̀ ní ọdún 1964, ibẹ̀ sì ni Chinyere Kalu, obìnrin Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ di awakọ̀ òfurufú, ti kọ́ṣẹ́, kí ó tó padà wá di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ lè wọlé nígbà yẹn bí orí rẹ̀ bá pé, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba ni yóò sanwó, iṣẹ́ sì ń dúró dè é. Àsìkò dáradára ni, kò sì pẹ́ lọ títí. Hamble kógbá wọlé láàárín àwọn ọdún 1980, Nigeria Airways, ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà yẹn, tú ká ní ọdún 2003, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó kù sì yọwọ́ díẹ̀díẹ̀, títí ẹrù náà fi bọ́ padà sórí akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òbí rẹ̀.

Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìwé-ẹ̀rí tí ó lè fi jẹun ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ná nǹkan bí 100,000 pọ́n-ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, owó náà a máa ju 100,000 dọ́là lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni owó wákàtí: epo, àtúnṣe ọkọ̀, olùkọ́ àti pápá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ irú ọkọ̀ kan pàtó, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tún ń bu lé ọmọ náà lórí. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ọkọ̀ Colgan Air já lẹ́bàá Buffalo ní oṣù Kejì ọdún 2009, tí ènìyàn 50 sì kú, òfin sọ pé kí igbákejì awakọ̀ pàápàá ní wákàtí 1,500 kí ó tó lè gbé èrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 250 tó tẹ́lẹ̀, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin dín tiwọn kù. Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń wá wákàtí wọ̀nyẹn ni pé wọ́n ń di olùkọ́ fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ní ilẹ̀ tiwa, yálà ní Zaria tàbí ní Ìlọrin, dọ́là ni a fi ń ra ọkọ̀ àti ẹ̀yà ara rẹ̀, nítorí náà ìgbàkígbà tí náírà bá ti rẹlẹ̀ ni owó ẹ̀kọ́ ń gòkè.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń wo òkè, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ fún àyẹ̀wò ara tí a fi ń gba awakọ̀ òfurufú, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, nítorí pé ojú, etí tàbí ọkàn tí kò pé ìlànà lè dá ọ̀nà náà dúró lẹ́yìn tí ilé àti ilẹ̀ bá ti tà tán. Ẹ má sì ṣe san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa san án bí ọmọ náà ti ń fò, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wó pẹ̀lú owó akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kì í ṣe ẹyọ kan, àwọn tí wọ́n sì sanwó sílẹ̀ kì í sábà rí i gbà padà.