Ọ̀pẹ Ìpóbẹ̀ àti ìmọ̀ tó yẹ kó dé oko wa

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ka ìwé yìí, ta ni nínú yín tí kò mọ oko ọ̀pẹ ńlá tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà ní Ìpóbẹ̀? Àwọn Faransé ló dá ibùdó ìwádìí yẹn sílẹ̀ ní ọdún 1922, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, IRHO, ilé iṣẹ́ ìwádìí ti Faransé, ló ń darí rẹ̀. Lónìí, ó wà lábẹ́ INRAB, tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1992.

Àwọn baba wa ti mọ ọ̀pẹ kí Faransé tó dé. Ṣùgbọ́n èèpo èkùrọ́ ọ̀pẹ tiwọn nípọn, ẹran ara ẹyìn rẹ̀ sì kéré. Inú ẹran yẹn ni epo pupa wà. Ní 1941, Beirnaert àti Vanderweyen, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pẹ tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn ń jẹ́ dura. Èyí tí kò ní èèpo ń jẹ́ pisifera. Bí a bá mú eruku òdòdó akọ pisifera, tí a fi sí òdòdó abo dura, ọmọ wọn á ní èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ẹran púpọ̀. Ọmọ náà ni tenera. Òun ni àgbẹ̀ ń fẹ́.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, nítorí ibẹ̀ ni èmi gan-an ti ṣìnà. Mo ṣa ẹyìn lábẹ́ tenera ọ̀rẹ́ mi kan, mo gbìn ín, mo sì dúró fún ọdún mẹ́rin. Mi ò fẹ́ náwó ra ọmọ ọ̀pẹ. Mo ní bí ìyá bá dára, ọmọ náà á dára.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kétu, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2013, ló fi ọ̀bẹ la ẹyìn mi níṣojú mi. Ó ní: "Bàbá, ẹ wo bí èèpo yìí ṣe nípọn." Ọmọ kékeré ni, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n. Ó ní bí kòkòrò bá gbé eruku òdòdó láti ara tenera kan lọ sára tenera mìíràn, nínú ọmọ mẹ́rin, a lè retí dura kan, tenera méjì àti pisifera kan. Ìdì pisifera sì sábà máa ń jẹrà kó tó pọ́n. Bó bá jẹ́ pé eruku dura inú igbó ló bá tenera, nǹkan bí ìdajì ọmọ náà á padà di dura.

Tẹ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ CARDER ló ń sọ irú nǹkan báyìí fún àgbẹ̀ lábúlé. Ìjọba pa CARDER rẹ́ ní 2016, wọ́n fi ATDA rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé: ibùdó ìwádìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nílùú wa, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọmọ Kétu ló wá là á yé mi?

Ọ̀pẹ mẹ́ta nínú àwọn tí mo gbìn ṣì wà lẹ́yìn ilé mi. Lọ́dọọdún ni ìdì wọn ń jẹrà lórí igi.