Ìbọn Nambu

Ìbọn Nambu ni orúkọ tí a ń pe àwọn ìbọn ìléwọ́ tí Ọ̀gágun Kijirō Nambu ṣe ètò wọn fún àwọn ológun ilẹ̀ Jàpáàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún títí di ọdún 1945 ni wọ́n fi ń rọ wọ́n. Ó wà lára àwọn ohun ìjà Ogun Àgbáyé Kejì tí àwọn olùkójọ ohun àtijọ́ ń wá kiri, pàápàá jù lọ ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn jagunjagun tó ti ojú ogun Pàsífíìkì dé kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tí William B. Ruger rà ní ọdún 1945 ṣí ọ̀nà fún ìbọn tí ilé-iṣẹ́ Sturm, Ruger & Co. fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ṣe ètò rẹ̀

Ọdún 1869 ni wọ́n bí Kijirō Nambu ní Saga, ní erékùṣù Kyushu. Iṣẹ́ ológun ni ó yàn, ṣùgbọ́n ilé ìrọbọn ìjọba ni ó ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìbọn ìléwọ́, òun náà ni ó ṣe ètò àwọn ìbọn arọ̀jò-ọta tí Jàpáàn lò, bíi Type 11 àti Type 96. Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì, ó dá ilé-iṣẹ́ ìrọbọn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1927. Àwọn òpìtàn ohun ìjà máa ń fi í wé John Browning ti Amẹ́ríkà. Ó kú ní ọdún 1949.

Àwọn oríṣi rẹ̀

Type A ni àkọ́kọ́, ètò ọdún 1902 ni. Ọta tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 8 ni ó ń lò. Type B tẹ̀ lé e. Ó kéré jù ú lọ, ọta mílímítà 7 ni tirẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn olùkójọ fi ń pè é ní Baby Nambu, ìyẹn Nambu ọmọdé. Nígbà náà, ọ̀gá ológun Jàpáàn ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ìbọn ìléwọ́ rẹ̀. Type B sì wọ́n gan-an, nítorí náà èyí tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀ kò pọ̀.

Type 14 ni ó pọ̀ jù lọ. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú kàlẹ́ńdà àwọn ọba Jàpáàn: ọdún kẹrìnlá ìjọba Taishō, tí í ṣe 1925, ni ìjọba tẹ́wọ́ gbà á. Ọta mẹ́jọ ni àpò ọta rẹ̀ ń gbà. Type 94 dé ní àárín ọdún 1930 sí 1939; ó kúrú ju Type 14 lọ, ọta mẹ́fà ni ó sì ń gbà. Àléébù kan ni ó sọ ọ́ di olókìkí: irin tí ń tú ìbọn náà sílẹ̀ hàn síta ní ẹ̀gbẹ́ òsì, bí nǹkan bá sì tẹ̀ ẹ́, ìbọn náà lè yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ibi tí a ń fà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Bí èèkù Type 14 ṣe dagun àti bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń mú kí ènìyàn rò pé ẹ̀dà ìbọn Luger ti Jámánì ni, ṣùgbọ́n inú wọn kò jọra. Bí Type 14 bá yìn, ọ̀pá rẹ̀ àti irin tó dé ìdí ọta yóò jọ sún sẹ́yìn díẹ̀. Irin kékeré tó so wọ́n pọ̀ yóò wálẹ̀, ọ̀pá yóò dúró, irin ìdérí yóò sì máa bá ẹ̀yìn lọ láti ju kóóko ọta tí a ti yìn nù. Kókó roboto kan wà ní ìdí ìbọn náà tí a máa ń fà láti ki ọta àkọ́kọ́ wọlé.

Abẹ́rẹ́ tí ń gún ìdí ọta máa ń tètè kán. Nítorí èyí, wọ́n fi àyè kékeré sí ara àpò awọ ìbọn náà tí ológun yóò máa fi abẹ́rẹ́ mìíràn pamọ́ sí. Irin ìdábòbò rẹ̀ náà kò rọrùn: ọwọ́ kejì ni a fi ń yí i.

Kíka ọjọ́ orí ìbọn

Wọ́n máa ń tẹ ọdún àti oṣù tí wọ́n rọ ìbọn sí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọdún ìjọba Ọba Shōwa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún rẹ̀ yóò fi 1925 kún un: 19.6 túmọ̀ sí oṣù kẹfà ọdún 1944.

Ìrísí rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Láti nǹkan bí 1939, wọ́n sọ òrùka tó yí ibi tí a ń fà ká di ńlá, kí ológun tó wọ ìbọ̀wọ́ nínú òtútù Manchuria lè ti ìka bọ̀ ọ́. Bí ogun ti ń le sí i ni iṣẹ́ ọwọ́ ń burú sí i: ojú irin di ṣákiṣàki, àpò tí wọ́n ń fi ògidì awọ ṣe di ti aṣọ tí a fi rọ́bà kùn. Ẹni tó bá to Type 14 ọdún 1930 àti ti 1945 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí bí ìlú kan ṣe ń tán lókun.

Láti ojú ogun sí Amẹ́ríkà

Nígbà tí Jàpáàn fọwọ́ sí ìwé ìtúúbá lórí ọkọ̀ ogun Missouri ní ọjọ́ 2, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1945, ohun ìjà rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ́gun. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó púpọ̀ lọ sílé. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà, títí kan ọmọ Nàìjíríà, dojú kọ ogun Jàpáàn ní Bọ́mà. Orúkọ Arakan tí wọ́n ti jà ṣì wà lára bárékè àwọn ológun ní Àpápá, ní Èkó.

Ní 1945 yìí kan náà ni William B. Ruger ra Nambu kan lọ́wọ́ ọmọ ogun Marine tó ń ti ogun bọ̀. Ó tú u wò, ó sì ṣe ẹ̀dà Baby Nambu méjì nínú gáréèjì rẹ̀. Kò tà wọ́n, ṣùgbọ́n ó mú ìrísí náà àti irin ìdérí tí a ń fà láti ẹ̀yìn lò nínú ìbọn tirẹ̀. Alexander Sturm fi 50,000 dọ́là sílẹ̀, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ Sturm, Ruger & Co. sílẹ̀ ní Connecticut ní 1949. Ìbọn Ruger Standard tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ dọ́là 37.50. Ọdún tí ó jáde ni Nambu kú.

Ẹ̀rí ẹni tó ni ín

Ológun tó bá ń kó ohun ìjà ọ̀tá lọ sílé máa ń gba ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí, tó fi hàn pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ ti sọnù. Níbi tí ó bá ṣì wà, iye owó ìbọn náà máa ń ga sí i, nítorí pé ẹnu lásán kò tó ẹ̀rí: ìtàn pé ọ̀gágun báyìí ni ó ni ìbọn kan rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn olùkójọ tún máa ń wò bóyá nọ́ḿbà ara ìbọn bá ti àpò ọta rẹ̀ mu. Èyí tí kò bá mu kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ìbọn tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún lè wà ní ipò ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n ìbọn ni lójú òfin síbẹ̀. Ní Jàpáàn fúnra rẹ̀, òfin kò gba ará ìlú láyè láti ní ìbọn ìléwọ́. Orúkọ Nambu kò parẹ́ níbẹ̀ ṣá: New Nambu M60, tí àwọn ọlọ́pàá Jàpáàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti àwọn ọdún 1960, ni wọ́n fi sọrí rẹ̀.