Asọ̀rọ̀mágbèsì: Etí Olùgbọ́ àti Ẹnu Olùpolówó ní Èkó

Ta ni ó yẹ kí ó sọ bí ẹ̀rọ ohùn ti dára tó: ẹni tí ń tà á, tàbí ẹni tí ń gbọ́ ọ? Ajá tí Francis Barraud yà, tí ó ń tẹ́tí sí ohùn ọ̀gá rẹ̀, kò kọ́kọ́ jókòó síwájú giramafóònù. Ẹ̀rọ mìíràn ni ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1899, nígbà tí Gramophone Company ra àwòrán náà, wọ́n ní kí ó kun ẹ̀rọ tiwọn bò ó.

Ní Èkó, Ìjọ́rà ni iná mànàmáná ti ń wá láti ọdún 1923. Ní ọdún 1935, ìjọba mú àpótí rédífúṣọ̀n wọ ilé àwọn tí ó lè san owó rẹ̀. Wáyà ni ohùn BBC ń gbà wọlé. Olùgbọ́ kò lè yan ilé-iṣẹ́ mìíràn. Yorùbá pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Orúkọ yìí kì í ṣe àwàdà lásán. Ìdájọ́ etí ni. Ó sọ ohun tí ìpolówó kì í sọ: àpótí náà ń sọ̀rọ̀, kò gbọ́ tẹni. Ó yẹ kí òpìtàn kà á kún ẹ̀rí, nítorí olùpolówó a máa fi ìwé sílẹ̀. Orúkọ ni olùgbọ́ fi sílẹ̀.