Jacky Ickx, Ẹni Tó Gba Le Mans Lẹ́ẹ̀mẹfà

Wákàtí 24 gbáko ni wọ́n fi ń sá eré ìje ọkọ̀ Le Mans nílẹ̀ Faransé. Àwọn awakọ̀ a máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, ọkọ̀ tó bá sì rìn jìnnà jù ló borí. Jacky Ickx, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n bí ní Brussels lọ́dún 1945, gbégbá orókè níbẹ̀ ní 1969, 1975, 1976, 1977, 1981 àti 1982.

Ti 1969 ni ẹnu kì í kúrò lára rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, awakọ̀ á tò sápá kan títì, ọkọ̀ wọn á wà lápá kejì. Bí àsíá bá ti wálẹ̀, wọn á sáré sọdá, wọn á kó sínú ọkọ̀, ó di eré. Ta ló fẹ́ ráyè de bẹ́líìtì? Ickx ní kò bọ́gbọ́n mu. Nígbà táwọn yòókù ń sá kíjokíjo, ńṣe ló rọra ń rìn bí ẹni tó ń lọ ra ẹ̀kọ lójúde. Ó wọ Ford GT40 rẹ̀, ó de ara rẹ̀ mọ́ àga dáadáa, ó wá gbéra lẹ́yìn gbogbo ayé. Ní ìyípo àkọ́kọ́ yẹn náà ni ọkọ̀ Porsche 917 tí John Woolfe, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wà gbókìtì ní Maison Blanche. Kò de bẹ́líìtì. Ó bá a lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ickx àti Hans Herrmann, awakọ̀ tó ń bá a du ipò kìíní, wọ̀yá ìjà títí dé ìparí. Lẹ́yìn nǹkan bí 5,000 kìlómítà, nǹkan bí 120 mítà péré ni Ickx àti Jackie Oliver, ẹnìkejì rẹ̀, fi ṣíwájú. Ní 1970, inú ọkọ̀ ni gbogbo awakọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì lára.

Síbẹ̀, tèmi ni pé 1977 ló ga jù. Ọkọ̀ tirẹ̀ ti kú, ni wọ́n bá ní kó lọ bọ́ sínú Porsche 936 ti Jürgen Barth àti Hurley Haywood, èyí tó ti rẹ̀yìn pátápátá. Ó wà á lóru bí ẹni pé orí ò sí lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ Renault tó ń bá wọn díje dẹnu kọlẹ̀, ọkọ̀ náà ti di aṣíwájú. Nígbà tó kù díẹ̀, ẹ́ńjìnnì tiwọn náà bàjẹ́. Àwọn mẹ́káníìkì pa sílíńdà kan, wọ́n dúró de àkókò, Barth sì rọra wà á kọjá ìlà òpin.

Ó gba ìdíje Formula 1 mẹ́jọ, ó gba ipò kejì lágbàáyé ní 1969 àti 1970, ó gba eré ìje Paris–Dakar ní 1983 pẹ̀lú òṣèré Claude Brasseur. Òun náà ni wọ́n fi jẹ agbégbá orókè lágbàáyé nínú eré ìje ọlọ́jọ́ gígùn ní 1982 àti 1983.

Ní 1985, ọkọ̀ òun àti ti Stefan Bellof, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì, forí sọra nínú irú eré ìje bẹ́ẹ̀ ní Spa, Bellof sì kú. Ọdún yẹn ni Ickx fi irú eré náà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọjá ìṣẹ́gun mẹ́fà rẹ̀ ní Le Mans títí di 2005, tí Tom Kristensen ará Dẹ́ńmáàkì gba ìkeje.