Ẹni Tó Ń Jẹ Ẹyin: Owó Oṣù Ẹni Tó Ni Ilé Iṣẹ́

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń jẹ ẹyin kò mọ̀ pé ìdí ń ro adìẹ. Ọmọ tó ń ná owó bàbá rẹ̀ ní ìnákúnàá la sábà máa ń pa òwe yìí fún, tàbí ọ̀gá tó ń jẹ òógùn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nínú méjèèjì, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń jẹ, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ara ń ro. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí òwe náà bá wí jù wọ́n lọ, ìyẹn ẹni tó dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun ló ń jẹ ẹyin, òun náà sì ni adìẹ, nítorí agbára rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ fi ń pawó. Èló ló yẹ kó máa mú lóṣooṣù?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í dákẹ́. Oníbàárà wọlé, ó fẹ́ kàlẹ́ńdà, ó san àsansílẹ̀ 400,000 náírà. Kí òǹtẹ̀wé tó ra bébà, wọ́n ti pè é láti ilé pé owó ilé ìwé ọmọ kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀la. Ó fa 120,000 yọ. Ó rò pé owó òun lòun ná. Rárá o. Owó bébà, íǹkì àti pléètì ló ná, gbèsè ló sì jẹ́ lọ́rùn rẹ̀ títí kàlẹ́ńdà yóò fi jáde. Tó bá yá, àsansílẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò fi ra bébà ti ẹni àkọ́kọ́. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ẹ̀rọ wà nílẹ̀, ọwọ́ iṣẹ́ wà, bébà ni kò sí. Àwọn ìyá ọlọ́jà wa ti mọ èyí tipẹ́. Bí wọ́n bá tajà tán, ojú owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ka èrè.

Ẹlòmíràn kì í mú nǹkan kan rárá. Ó ní kí iṣẹ́ gbèrú ná. Ọdún kẹta dé, ó ń san owó òṣìṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù ìyàwó ló ń bọ́ ilé. Èyí dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí àwọn èèyàn ń yìn ín fún un. Ìwé ìṣirò rẹ̀ ń sọ pé èrè wà, ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì, tí wọ́n ní láti gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n máa mọ̀ pé owó iṣẹ́ tí wọn kò san fún un ni wọ́n ń pè ní èrè. Kò ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ iye tó ń pè fún oníbàárà, oníbàárà sì ti mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ọjà rẹ̀ kò wọ́n. Adìẹ tí kò jẹun náà nìyẹn.

Ká ní iṣẹ́ 1,800,000 náírà wọlé fún òǹtẹ̀wé kan lóṣù kan. Bébà, íǹkì àti pléètì kó 950,000 lọ. Òṣìṣẹ́ méjì gba 200,000. Iná àti epo jẹnẹrétọ̀ mú 180,000. Ìpín oṣù kan nínú owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 120,000. Ó ku 350,000. Kí ó má kó o sápò. Kí ó bi ara rẹ̀ pé: bí mo bá gba ẹlòmíràn síbi iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí, èló ni mo máa san fún un? Bí ó bá jẹ́ 150,000, owó oṣù rẹ̀ nìyẹn. 200,000 tó kù, ti ilé iṣẹ́ ni. Róólà ẹ̀rọ yóò gbó. Oṣù kìíní ọdún náà yóò dé, tí ìgbà kàlẹ́ńdà yóò ti kọjá, tí iṣẹ́ lè má tó ìdajì, tí onílé kò sì ní gba ìdajì owó.

Ẹ wo alájọ tó ń gba owó èèyàn pa mọ́ lójoojúmọ́. Ojú 31 ló wà lórí káàdì rẹ̀. Bí oṣù bá pé, ojú kan ni tirẹ̀, olówó ló ni ìyókù. Bí ebi ti wù kó pa á tó, kì í sọ ọ́ di ojú méjì. Bí àánú bá sì ṣe é, kì í ní òun kò gba nǹkan kan. Inú iṣẹ́ yìí ni Alájọ Ṣómólú, tí a fi ń ṣàkàwé ẹni tí orí rẹ̀ pé, ti di olórúkọ.

Òfin pàápàá ka ilé iṣẹ́ sí ẹni ọ̀tọ̀. Ní 1896, House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, dá ẹjọ́ Aron Salomon, oníbàtà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú 20,007 ìpín tó wà nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, 20,001 jẹ́ tirẹ̀, ìyàwó àti ọmọ márùn-ún ló ni ìyókù. Síbẹ̀, àwọn adájọ́ ní ọ̀tọ̀ ni Salomon, ọ̀tọ̀ ni ilé iṣẹ́. Orí ìlànà yìí ni òfin ilé iṣẹ́ Nàìjíríà ti 2020 dúró lé, òun tó gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. (Ẹni tó kàn forúkọ òwò lásán sílẹ̀ kò sí lábẹ́ ìlànà yẹn.) Nítorí náà, owó oṣù ọ̀tọ̀, èrè pínpín ọ̀tọ̀, inú èrè nìkan ni a sì ti lè pín èrè. Owó orí náà kò tó ohun tí ń dẹ́rù bani. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, 2,200,000 tó tẹ̀lé e sì wà ní ìdá 15 nínú 100. Ẹni tó ń gba 150,000 lóṣù yóò san 12,500 lóṣù, bí kò bá ní ohunkóhun tí òfin ní kó yọ.

Bí àbúrò bá pè nítorí aṣọ ẹbí, ẹni tí kò ní owó oṣù kò rí ẹnu sọ pé kò sí, nítorí owó ilé iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ẹni tó ní in lè sọ pé, "Àbúrò mi, owó oṣù mi kò tíì wọlé, tó bá di ọjọ́ 28, màá fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọ." Òtítọ́ ló sọ, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́ tiyín, ẹ mú ìwé lónìí, kí ẹ kọ iye náà sílẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ó máa gbà á, kí ẹ sì fi han ẹni tó ń bá yín ṣírò owó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni kí ẹ tó tún un yẹ̀ wò, kì í ṣe lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ńlá bá wọlé.