Ìpèsè afẹ́fẹ́ fún ẹ̀rọ amáṣọgbẹ ilé ìfọṣọ

Ìpèsè afẹ́fẹ́ fún ẹ̀rọ amáṣọgbẹ ni ètò tí a ń ṣe nínú ilé ìfọṣọ kí afẹ́fẹ́ ìta lè máa wọlé ní ìwọ̀n tí àwọn ẹ̀rọ ń tú u jáde. Ó kan ilé ìfọṣọ tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó lo ẹ̀rọ fúnra wọn, ó sì kan yàrá ìfọṣọ ilé ìtura àti ti ilé ìwòsàn. Àpilẹ̀kọ yìí dá lé ẹ̀rọ tí ń lo gáàsì ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ìlànà ti sọ bí ààyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ti gbọ́dọ̀ tóbi tó. Bí ààyè náà kò bá tó, aṣọ á pẹ́ kí ó tó gbẹ, owó gáàsì á pọ̀ sí i, èéfín olóró sì lè kún inú ilé.

Iṣẹ́ afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀rọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ooru ni ó ń mú aṣọ gbẹ. Ooru a máa yọ omi kúrò lára aṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ó ń ru omi náà lọ. Nígbà tí ooru bá jẹ́ 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tí ó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga kò lè gbà ju nǹkan bí 30 gíráàmù ọ̀rinrin lọ; ní 60, ó lè gbà tó 130 gíráàmù. Bí ó bá ti mu ọ̀rinrin yó, aṣọ kò ní gbẹ nínú rẹ̀ mọ́, àfi kí a lé e jáde kí òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ náà fi ń fa afẹ́fẹ́ láti inú yàrá, tí ó ń gbé e kọjá lórí iná gáàsì, tí ó sì ń mú un gba inú àgbá tí aṣọ ti ń yí. Fáànù á wá fà á kọjá lára asẹ́ tí ń gba òwú wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ lára aṣọ, á sì tú u síta láti inú páìpù irin. Èéfín iná gáàsì náà ń bá a jáde.

Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó

Fáànù kò lè tú ohun tí kò rí fà jáde. Bí ẹ̀rọ mẹ́wàá bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ilé tí a ti tilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa, ìfúnpá afẹ́fẹ́ inú ilé á lọ sílẹ̀ ju ti ìta, afẹ́fẹ́ ìta á sì máa wá ibikíbi tí ó lè gbà wọlé. Ó lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Èyí tó léwu jù ni kí ó gba páìpù èéfín ẹ̀rọ amómigbóná sọ̀kalẹ̀, nítorí èéfín tó yẹ kí ó máa gòkè lọ á yí padà sínú ilé. Carbon monoxide lè wà nínú èéfín bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí iná kò bá rí ọ́ksíjìn tó. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó máa ń gba ipò ọ́ksíjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì wà lára àmì rẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹni tó wá fọṣọ lè rò pé àárẹ̀ lásán ni.

Àwọn àmì mìíràn a máa hàn ṣáájú. Ilẹ̀kùn tí à ń tì síta á ṣòro ṣí, bí ẹni pé ẹnìkan dì í mú láti ẹ̀yìn. Iná gáàsì tó yẹ kí ó máa jó ní àwọ̀ búlúù á máa pọ́n bí iná àtùpà. Ìdánwò kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀: kí a ṣí ilẹ̀kùn ìta sílẹ̀ gbayawu nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Bí aṣọ bá tètè gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ààyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kò tó. Ọ̀pọ̀ onílé ìfọṣọ a máa pe oníṣẹ́ wá tú ẹ̀rọ palẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ara ògiri ni àléébù wà.

Ìwọ̀n ààyè

National Fire Protection Association, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlànà ààbò lọ́wọ́ iná ní Amẹ́ríkà, kọ ìwọ̀n náà sínú ìwé ìlànà tí a mọ̀ sí NFPA 54. Ìwé náà ya ẹ̀rọ inú ilé àdáni sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ ilé ìfọṣọ. Fún ti ilé ìfọṣọ, ó béèrè ínṣì onígun mẹ́rin kan fún 1,000 BTU kọ̀ọ̀kan tí àwọn ẹ̀rọ lè lò ní wákàtí kan. BTU kan ni ooru tí ń mú omi ìwọ̀n pọ́ùn kan gbóná sí i ní ìwọ̀n kan lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit.

Ká ní ilé ìfọṣọ kan ní ẹ̀rọ 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo 90,000 BTU ní wákàtí kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 900,000, nítorí náà 900 ínṣì onígun mẹ́rin ni ó nílò. Ṣùgbọ́n ààyè tó ṣófo ni ìlànà ń wí, kì í ṣe bí ihò ara ògiri ti tóbi tó. Níbi tí olùṣe lúfà kò bá ti sọ ìwọ̀n rẹ̀, ìdá 75 nínú 100 ni a ń kà sí ààyè gidi fún lúfà irin, ìdá 25 péré sì ni fún ti pákó. Ilé tí à ń wí yìí á nílò ihò tó fẹ̀ ní 30 ínṣì, tó sì ga ní 40, bí ó bá lo lúfà irin. Bí ó bá lo ti pákó, ihò náà á di 60 ínṣì ní fífẹ̀ àti 60 ní gíga. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ mẹ́ta kún mẹ́wàá láìfẹ ihò náà ti sọ gbogbo mẹ́tàlá di aláìlérè.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé

Ihò náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí páìpù ń tú afẹ́fẹ́ sí, kí ẹ̀rọ má baà fa ọ̀rinrin tó ti tú jáde padà. Kò gbọdọ̀ gba afẹ́fẹ́ láti yàrá tí a ti ń fi kẹ́míkà fọ aṣọ. Bí perchloroethylene tí wọ́n ń lò níbẹ̀ bá kan iná gáàsì, ó ń di ásíìdì tí ń jẹ irin ẹ̀rọ.

Nígbà òtútù, ìṣòro mìíràn ni pé àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi páálí dí ihò náà nítorí atẹ́gùn tútù. Àwọn ilé kan ń lo ìlẹ̀kẹ̀ oníná tí ń ṣí, tí ń pa dé fúnra rẹ̀. Irú èyí gbọ́dọ̀ so pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ, kí iná gáàsì má lè ràn àfi tí ó bá ti ṣí tán.

Páìpù àti òwú

Afẹ́fẹ́ tí kò lágbára kò lè gbé òwú wẹ́wẹ́ dé ìta, inú páìpù ni ó ń dà á sí, òwú gbígbẹ sì ń tètè gbiná. Ní ilé gbígbé nìkan, U.S. Fire Administration ṣírò nǹkan bí 2,900 iná ẹ̀rọ amáṣọgbẹ lọ́dọọdún láàárín 2008 sí 2010. Àìtọ́jú ẹ̀rọ ní mímọ́ ni ó ṣáájú àwọn okùnfà rẹ̀, pẹ̀lú ìdá 34 nínú 100. Nítorí èyí ni a kì í fi fi àwọ̀n bo ẹnu páìpù, tí a kì í sì í fi ìṣó oníyìípo tí ẹnu rẹ̀ yọ sínú so ó pọ̀, torí òwú a máa kọ́ mọ́ ọn.