Aṣọ àtijọ́ nínú àpótí ìyá àgbà: Bí ẹ ṣe lè mọ ọdún tí wọ́n ṣe é

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Surulere, Yaba àti Mushin, tí ìyá àgbà bá ti dolóògbé, àpótí aṣọ ló máa ń kẹ́yìn nínú ogún. Wọ́n á ti pín ilé, wọ́n á ti pín wúrà, kí wọ́n tó wá ṣí àpótí. Ankara, àdìrẹ àti aṣọ tábìlì ló máa ń wà níbẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí màmá rà wọ́n. Àwọn ọmọ kan á kó o fún mẹkáníìkì kó fi nu ọwọ́. Àwọn mìíràn á tà á lówó pọ́ọ́kú fún ẹni tó mọ ohun tó ń rà.

Àwọn tó ń wá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Aránṣọ ń wá a, ayàwòrán ń wá a, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun náà ń wá a. Ohun tó ń jẹ́ kí aṣọ níye lórí lọ́wọ́ wọn ni kí ẹni tó ń tà á lè sọ pé ọdún báyìí-báyìí ni, kó sì lè tọ́ka sí ohun tó fi mọ̀.

Etí aṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ilé iṣẹ́ tó bá tẹ ankara máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí etí aṣọ. Ibẹ̀ gan-an ni télọ̀ máa ń gé dànù tó bá fẹ́ rán bùbá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé aṣọ tábìlì, aṣọ ìbora àti ìró tí wọn ò tíì rán ló sábà máa ń ní ẹ̀rí tó dára jù. Ẹ má ṣe gé etí náà o, bó ti wù kó rí játijàti tó.

Ẹ jẹ́ ká mú ABC. Arnold Brunnschweiler ni orúkọ yẹn dúró fún, Hyde lẹ́bàá Manchester ni wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1992, ilé iṣẹ́ Cha láti Hong Kong rà á. Nígbà tó di 2007, iṣẹ́ títẹ̀ náà kúrò ní England lọ sí Akosombo ní Ghana. Tí ẹ bá rí ABC tó kọ England sí etí rẹ̀, ó ti ṣáájú ìkólọ yẹn nìyẹn. Ti Vlisco kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Láti 1846 ni wọ́n ti wà ní Helmond ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní, wọ́n sì máa ń tún àwọn àwòrán àtijọ́ tẹ̀. Àwòrán tí màmá rà nígbà ìgbéyàwó rẹ̀ lè wà lọ́jà lóde òní. Orúkọ Vlisco nìkan kò tó fi dájọ́.

Ti ilẹ̀ wa ló dùn jù láti tọpa. Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ó sì kógbá sílé ní 2002. UNTL, tí ó jẹ́ ti àwọn Cha kan náà, bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna ní 1964. Wọ́n tì í ní 2007 kí wọ́n tó tún un ṣí ní 2010. Lápá ibí yìí, Afprint wà ní Ìsọlọ̀, tí kò jìnnà sí Mushin. Àwọn tó ń lọ sí ọjà Aswani ní ọjọọjọ́ Tuesday láti ra òkìríkà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ pé orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ kan ni ọjà náà ń jẹ́. Aṣọ tó bá ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé ní etí kò lè jẹ́ tàná.

Ohun tó wà lára aṣọ

Òfin kan wà tí kì í yẹ̀: aṣọ kò lè dàgbà ju ohun tí wọ́n yà sí i lára lọ. Àwọn aṣọ ayẹyẹ ló máa ń fi èyí hàn jù, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń tẹ àwòrán ọba, olórí orílẹ̀-èdè, olùdarí ìjọ tàbí máàpù sí.

Máàpù Nàìjíríà gan-an jẹ́ kàlẹ́ńdà. Tó bá pín sí ẹkùn mẹ́ta, ó ti ṣáájú oṣù kẹjọ ọdún 1963 tí wọ́n dá ẹkùn Àárín-Ìwọ̀ Oòrùn sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ méjìlá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 1967, ìyẹn ni pé aṣọ tó bá kọ Ìpínlẹ̀ Èkó kò lè ṣáájú ọjọ́ yẹn. Wọ́n di mọ́kàndínlógún ní 1976, mọ́kànlélógún ní 1987, ọgbọ̀n ní 1991, mẹ́rìndínlógójì ní 1996. Ẹ fara balẹ̀ kà wọ́n. Iṣẹ́ ojú ni, àmọ́ ó lè sọ ọdún aṣọ yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àmì ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè náà ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí gbólóhùn abẹ́ rẹ̀ bá ti ní Peace and Progress nínú, kò lè ṣáájú 1978. Tí aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde bá kọ University of Ife, ẹ wo ìgbà tó ṣáájú 1987 tí wọ́n yí orúkọ náà sí Obafemi Awolowo University. Póòpù John Paul Kejì wá sí Nàìjíríà lẹ́ẹ̀mejì, ní 1982 àti 1998, nítorí náà tí ẹ bá rí ojú rẹ̀ lára aṣọ tí kò ní ọdún, ẹ wò ó bóyá ojú ọkùnrin tó ṣì lágbára ni tàbí ti àgbàlagbà. Ti Queen Elizabeth Kejì rọrùn: ìbẹ̀wò rẹ̀ ní oṣù kìíní sí oṣù kejì 1956 ni wọ́n sábà máa ń wá.

Èyí tó kan àwọn ará Surulere jù ni ti FESTAC. Àjọ̀dún náà wáyé láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní sí ọjọ́ kejìlá oṣù kejì 1977, gbọ̀ngàn eré ní Iganmu, tí wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyinká pè báyìí, sì wà lára ibi tó ti wáyé. Ìbòjú Idia ti ilẹ̀ Benin ni àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbòjú náà nìkan kò tó, nítorí kò sí ìgbà tí wọn kì í yà á. Ẹ wá àkọlé FESTAC lára aṣọ náà.

Àdìrẹ: ibi tí ọ̀rọ̀ ti le

Gbogbo èèyàn ló mọ àdìrẹ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń ṣìnà nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ gbé Ìbàdàndùn yẹ̀ wò. Òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀, wọ́n sì ya ṣíbí sáàárín àwọn òpó náà. Ọdún 1929 ni wọ́n parí Mápó, torí náà kò sí bí Ìbàdàndùn ṣe lè jẹ́ ti 1910, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á máa sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Olóba, tí ó ní àwòrán ọba àti ayaba, tí wọ́n ṣe nítorí ayẹyẹ ọdún karùndínlọ́gbọ̀n King George Karùn-ún lórí oyè ní 1935.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú rèé: wọ́n rí Olóba, wọ́n ní 1935 ni. Rárá o. Ọdún yẹn ni àwòrán bẹ̀rẹ̀, aláró kò sì jáwọ́ níbẹ̀. Àwòrán tó bá tà, wọ́n á máa ṣe é lọ títí, Ìbàdàndùn gan-an ṣì wà lọ́jà. Nítorí náà, àwòrán ń sọ ọdún tí aṣọ kò lè ṣáájú, kò sọ ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ẹ wo aṣọ fúnra rẹ̀ wàyí. Ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ abala méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yáàdì méjì ààbọ̀, tí wọ́n rán pọ̀ ní àárín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ onígun mẹ́rin, òun ló fà á tí àwọn kan fi ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì tàbí bẹ́ẹ̀dì. Tí ojú rírán yẹn kò bá sí, tí aṣọ náà fẹ̀ láti ibẹ̀ dé ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìgbà tó súnmọ́ wa. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn ìyá ń fi ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ, ìlà ìyẹ́ kì í sì í bára mu délẹ̀. Èyí tí wọ́n fi páànù gígé ṣe, bíi Olóba, ń tún ara rẹ̀ ṣe bákan náà.

Àwọ̀ aró kò ṣeé gbára lé. Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró ilé iṣẹ́ ní 1897, ohun tó ń fún un ní àwọ̀ sì ni èyí tó wà nínú ewé èlú. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní òun kàn fi ojú wo aṣọ kan, òun sì mọ̀ pé èlú ni, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kẹ́ ẹ di owó yín mú. Kampala aláwọ̀ oríṣiríṣi ti dé lẹ́yìn. Ìjíròrò àlàáfíà ogun abẹ́lé tí wọ́n ṣe ní ìlú Kampala ní 1968 ni wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ayédèrú

Àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ti pariwo títí nípa àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti ilẹ̀ China. Ẹ yí aṣọ náà padà. Ti ẹlẹ́kọ, ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, torí náà aró máa ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ẹ̀yìn á dúdú ju iwájú lọ. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn ló máa ń ṣì, tó máa ń fẹ́ funfun. Ti ankara, ẹ wo àwọn ìlà tín-ín-rín tó dà bí ara ilẹ̀ tó sán. Nínú ojúlówó wax, kò sí méjì tó bára mu, àwọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn sì dọ́gba. Tí ìlà kan náà bá ń padà wá ní ibi kan náà nínú gbogbo àwòrán, àwòkọ ni. Ẹ tún lè fa fọ́nrán òwú kan yọ, kẹ́ ẹ fi iná sí i: òwú á jó bíi pépà, á di eérú, pọ́líẹ́sítà á yọ́, á sì dì sí kóro líle.

Títọ́jú rẹ̀

Ní oṣù kejìlá 2007, iná jó ọjà Tẹ́júoṣó ní Yaba, ọdún 2014 ni wọ́n tó tún un ṣí. Aṣọ tó bá iná lọ lọ́jọ́ náà kò ṣeé kà. Èyí tó wà nínú ilé kò ní ìṣòro iná bí kò ṣe ti òjò, kòkòrò àti nylon. Ẹ má ṣe dì í sínú nylon, ooru á jẹ́ kó bu. Ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ wé e, ẹ máa yí ibi tí ẹ ti ká a padà lọ́dọọdún, nítorí ojú ìká ló kọ́kọ́ máa ń já. Kí kafura má ṣe kan aṣọ ní tààrà. Jik kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ fi àdìrẹ sá oòrùn.

Kí ẹ tó fọ̀ ọ́ rárá, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti etí. Tí àgbàlagbà kan bá ṣì wà nínú ẹbí, ẹ gbé aṣọ náà síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ bi í léèrè ayẹyẹ tí wọ́n wọ̀ ọ́ sí, ta ló kó aṣọ ẹbí náà jáde, iye tí wọ́n rà á, àti bóyá pọ́n-ùn ni wọ́n san tàbí náírà. Náírà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973. Ohun tó bá sọ, ẹ kọ ọ́ sí pépà pẹ̀lú pẹ́ńsù, kẹ́ ẹ fi sínú àpótí náà.